Oorun Àwẹ̀ró àti Ìlú Ojúlé Mọ́kànlélọ́gọ́rin

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ohùn mi kò lè rìn jìnnà mọ́. Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn wá kí n fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí n máa fò sókè sódò bí ọdẹ inú eré, kí ó dìde kí ó máa lọ sílé, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, yóò sì rẹ̀ mí ju báyìí lọ nígbà tí mo bá parí. Ṣùgbọ́n bí èmi kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Ẹni tí ó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀ nìkan ni ó mọ ọ̀nà tí ẹ̀gún gbà wọlé.

Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi. Bí ẹ bá rí ẹfọ̀n tí ó ń sá ní Aláàbàtà, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó ń sá fún. Èmi ni. Ìmàdò ti gbá mi sókè rí, mo sì yìnbọn lù ú kí n tó balẹ̀. Erè wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í, mo ń jẹ iṣu sísun mi jẹ́jẹ́ títí ó fi sú u tí ó tú ara rẹ̀. Eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn. Ohun tí ó rẹ̀ mí láyé kò ní ìwo, kò sì ní èékánná. Òǹkà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, òǹkà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀sán, èyí tí ọmọdé ń kà bí ó bá ń ta ayò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹni tí ẹ̀rín bá ṣẹ́kù sí lẹ́nu wá rín in.

Nígbà èwe mi, ọmọbìnrin kan wà ní agbolé àwọn amọ̀kòkò, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí, ẹ kò tíì rí ẹwà. Bí Àwẹ̀ró bá ń mọ ìkòkò, tí amọ̀ gùn ún dé ìgúnpá, ẹni tí ń lọ sóko yóò gbàgbé ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọrùn rẹ̀ dà bí ọrùn àmù tuntun tí kò tíì mọ omi. Bí ó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ọkàn mi a ṣí kúrò níbi tí ìyá mi fi í sí, a máa wá ibòmíràn jókòó. Àwa ọdẹ kò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Mo ṣe ohun tí ọmọkùnrin ń ṣe láyé ìgbà náà: mo so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà nìyẹn: ọkàn mi fà sí ọ. Bí obìnrin bá fi mẹ́ta dá ọ lóhùn, ó ti ta ọ́ nù, lọ wá ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ẹ̀jọ dé nìyẹn: ọ̀rọ̀ wa jọ, ọkàn wa jọ. Láti ọjọ́ tí mẹ́fà mi ti kúrò lọ́wọ́ mi ni mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Mẹ́ta kò dé, mẹ́jọ kò dé. Ìyá Àwẹ̀ró ni ó dé, omijé lójú.

"Ọdẹ́gbàmí, gbà mí. Ọmọ mi kò sùn mọ́."

"Kí ló dé, Ìyá? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ì bá ṣe àìsàn, ǹ bá wá ewé. Ó lọ wa amọ̀ létí Igbó Kò-sí-méjì. Ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀yìn ti igi. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ní, 'Jọ̀ọ́, yá mi ní oorun rẹ.' Ó rò pé ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, òun náà ní, 'Gbà á, má pẹ́ dá a padà o.' Láti ìgbà náà, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò pàdé."

"Áà! Ṣé kò wẹ̀yìn wò kí ó tó dáhùn ni?"

"Ẹni tí igbá amọ̀ ti tẹ̀ lọ́rùn, ṣé ẹ̀yìn ni yóò máa wò?"

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ igbó: a kì í dá ohùn tí a kò rí ojú rẹ̀ lóhùn. Bí ó ní kí o jẹ, o ti yó. Bí ó ní kí o mu, òùngbẹ kò gbẹ ọ́. Bí ó ní kí o yá òun ní ohun kan, wèrè ni ọ́, o kò gbọ́. Mo lọ wo Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀. Ó ti gbẹ. Síbẹ̀, ó fẹ́ fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ẹ má wò mí báyìí. Mo ti wo ara mi nínú omi, ẹ̀rù bà mí."

Èmi náà, òmùgọ̀, mo ní, "Àrokò mi ńkọ́?"

"Èmi tí n kò lè di ojú, ẹ fẹ́ kí n di owó ẹyọ? Ẹ jẹ́ kí n sùn ná."

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn àgbà ti wò ó, wọ́n ní bí oorun náà kò bá tètè padà, ọmọ náà yóò sun èyí tí a kì í jí. Mo gbé ìbọn mi.

Ìrìn inú igbó kì í ṣe ohun tí à ń rò fún ènìyàn, ẹ̀gún ni, ìràwé ni, ẹ̀fọn ni. N óò fò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Igbó Kò-sí-méjì ti rí. Bí o bá rí ìrókò kan níbẹ̀, o kò ní í rí ìrókò mìíràn ní ìbú ibẹ̀, o kò sì ní í rí i ní òòró ibẹ̀. Bí ẹyẹ kan bá ké, irú rẹ̀ kò ní í dá a lóhùn. Òjìji mi pàápàá kọ̀ láti wọlé. Ó jókòó sí ẹnu ibodè, ó ní òun yóò dúró dè mí, nítorí ohun méjì tí ó jọra kì í wọ ibẹ̀ pọ̀. Èmi nìkan ni mo wọlé, ara mi fúyẹ́ bí igbá òfìfo.

Níbẹ̀ ni mo bá iwin kan tí à ń pè ní Afinisípò. Orí rẹ̀ dà bí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Apá rẹ̀ kan gùn dé ilẹ̀, èkejì kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Bí mo ti ń wò ó, ó yọ ojú ọ̀tún sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi etí aṣọ nù ún, ó dá a padà sí ipò rẹ̀, ó sì yán títí ewé igi tí ó wà lókè rẹ̀ fi wọ́ dànù.

"Ta nìyẹn?"

"Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Aláàbàtà, ẹni tí ẹfọ̀n ń sá fún!"

"Ó ti rẹ̀ mí jù, n kò lè sá. Jókòó."

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ìhàlẹ̀ tí mo ti kó sẹ́nu láti ilé ni ó fi ọ̀rọ̀ kan pa. Mo jókòó. Mo ní oorun Àwẹ̀ró ni mo wá gbà.

"Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀? Oorun tí mo yá pọ̀. Ṣé èyí tí ó ń rùn bí amọ̀ tútù?"

"Òun gan-an ni."

"Oorun dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò bá mi lára mu. Bàtà ẹlòmíràn ni oorun ẹlòmíràn. Ènìyàn lè fi rìn, kò lè fi sáré."

"Kí ló wá dé tí ìwọ kò fi sun tìrẹ?"

"Wo ẹ̀yìn rẹ, ọdẹ. Ṣé ìwọ lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn?"

Mo yíjú. Ìlú kan ni mo rí. Agbolé mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ojúlé mẹ́sàn-án sì wà ní agbolé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ara balẹ̀ bá mi ṣe é: ojúlé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìdílé mẹ́sàn-án ni àwọn ará ibẹ̀, ilà ojú ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Ìdílé Ení ní ilà kan lẹ́rẹ̀kẹ́, ti Èjì ní méjì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí kan ìdílé Ẹ̀sán tí ojú wọn dà bí oko ebè. Àwọn kan ti jókòó sí ojúlé tiwọn, wọ́n ti ta gbòǹgbò, a kò lè ṣí wọn. Àwọn yòókù dúró ní gbangba, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń kùn, wọ́n ń pe Afinisípò lórúkọ. Ariwo náà kò dá rí.

Afinisípò ní, "Ẹni méjì tí ilà wọn jọ kò gbọdọ̀ gbé agbolé kan náà. Wọn kò gbọdọ̀ wà ní ìbú kan náà, láti ọwọ́ ọ̀tún ìlú dé ọwọ́ òsì. Wọn kò gbọdọ̀ wà ní òòró kan náà, láti òkè ìlú dé ìsàlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rí ilé, n óò sùn. Bí mo bá sun oorun tèmi, kí ni n óò tún fi ti amọ̀kòkò ṣe? Gbé e lọ."

"Bí mo bá ṣì í ńkọ́?"

"Oorun tìrẹ yóò wá bá tirẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé kí ni ó wà nínú fífi ènìyàn sí ilé? Mo nàró, mo na ọwọ́ bí baálẹ̀ tí ó ń pín ilẹ̀, mo ní, "Ìwọ, Èje, wọlé síbí!" Èje wọlé. Kò tíì sọ ẹrù tí Èje mìíràn fi yọjú láti ojúlé rẹ̀ ní ìbú kan náà. "Ta ni ó ń fi ojú mi jókòó níbẹ̀ yẹn?" Èyí tí mo fi sílé ní, "Ìwọ ni o jí tèmi wọ̀!" Ọmọ orí odó kọjá lókè orí mi. Ọmọ ọlọ tẹ̀ lé e, ó gé ṣóńṣó fìlà mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń sá fún ni ó wà lábẹ́ agbada ìdáná kan, tí ó ká orúnkún mọ́ àyà, títí Afinisípò fi fi apá gígùn fa Èje jáde.

"Kí ló dé tí o fi í síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ wù mí."

"Ó wù ọ́." Ó tún yán. "Gbogbo ẹni tí ó ti wá síbí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó wù ú. Bi í léèrè ibi tí kò lè gbé. Bí o bá bi í tán, ibi tí ó kù, ilé rẹ̀ nìyẹn."

Mo jókòó, mo da ọ̀rọ̀ yìí rò. Lójijì, mo lu itan mi. Òkété! Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Òkété kì í ní ihò kan ṣoṣo. Òmùgọ̀ ọdẹ ni ó ń dúró sí ẹnu ihò tí ó lẹ́wà jù. Ọlọ́gbọ́n ọdẹ a rìn yí ilẹ̀ náà ká, a wá gbogbo ihò rí, a fi òkúta dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá ku ẹyọ kan, kí ni ó tún ń lé? A kàn jókòó síbẹ̀, òkété fúnra rẹ̀ ni yóò wá bá a.

Mo mú Ẹ̀ta. Mo wo agbolé àárín, ojúlé mẹ́rin ni ó ṣófo níbẹ̀. Ẹ̀ta kan ti wà ní ìbú òkè: mo dí ihò méjì. Ẹ̀ta mìíràn wà ní òòró ọwọ́ òsì: mo dí ọ̀kan. Ihò kan ló kù. Mo ní, "Ẹ̀ta, wọlé." Ó wọlé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jà. Háà, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo pa erin lọ. Mo mú Ẹ̀sán, mo dí i mọ́ ilé. Mo mú Ení. Ẹni tí mo bá fi sípò yìí ni yóò di òkúta ihò fún ẹni tí ó kàn. Ariwo ìlú ń dínkù. Afinisípò tẹ́ ẹní, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti pa dé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjókòó yìí ń jẹ ẹran ara. Ojú mi ń ta. Bí mo bá ti ka ìbú, mo ti gbàgbé òòró. Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí mo rí Ẹ̀fà kan nínú ojúlé rẹ̀, tí ojúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọmọbìnrin kan láti ìdílé Ẹ̀jọ sì dúró níwájú mi. Ilà mẹ́jọ tí ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò dí ẹwà rẹ̀ lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ sì rí bí ọrùn àmù tuntun. Mo wo Ẹ̀fà. Mo wo Ẹ̀jọ. Ta ni nínú yín tí ó ti fi mẹ́fà ránṣẹ́, tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà, tí yóò rí mẹ́jọ kí ó má pariwo pé ó ti dé? N kò dí ihò kankan. N kò ka òòró. Mo ní, "Wọlé, arẹwà." Ó wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ sọ ohun kan, ó mi orí, ó wọlé.

Ìjà kò ṣẹlẹ̀. Bí àṣìṣe bá máa pa ènìyàn, a kọ́kọ́ bá a jẹun. Mo ń tò wọ́n lọ, wọ́n ń wọlé, títí ó fi ku ènìyàn kan níta àti ojúlé kan tí ó ṣófo. Ẹni tí ó kù jẹ́ Ẹ̀jọ, bàbá arúgbó kan. Mo mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè wo òòró ìlú, ó sì rí arẹwà mi. Kò lè wọlé. Ilé kò sì sí níbòmíràn.

Arúgbó náà ké. Arẹwà náà ké. Gbogbo ẹni tí mo ti fi sílé ni ó tú síta, ẹrù lórí, bí ikán tí a wó ilé rẹ̀. Afinisípò, ẹ̀yin ènìyàn mi, Afinisípò ti ń hanrun. Ó dìde jókòó. Kò bínú. Ì bá bínú, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe.

Ó ní, "Oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ gba oorun tèmi. Ẹ fún mi ní ti ọmọ amọ̀kòkò."

"Oorun ọdẹ? Èyí tí ó máa ń la etí kan sílẹ̀? Kò tó ìdajì tirẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí jù, n kò lè ná an. Mú un wá."

Ó fa oorun mi yọ láti ìpàkọ́ bí a ti ń fa òwú lára kẹ̀kẹ́. Ó pọ́n ti Àwẹ̀ró sínú ewé kókò, ó gbé e fún mi. Lẹ́yìn náà, ó he àpáàdì kan, ó fi èékánná fa ìlú náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó ti ta gbòǹgbò. "Ọjọ́ tí o bá tò ó pé, n óò gbọ́ ọ níbí. Àwa méjèèjì yóò sùn. Máa lọ."

Mo mú òjìji mi ní ẹnu ibodè, mo sáré délé, mo tẹ́ ewé kókò náà síwájú orí Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ pàdé. Ìyá rẹ̀ jó láìfẹsẹ̀ kilẹ̀, kí ó má baà jí i. Èmi padà sílé mi pẹ̀lú ojú tí kò lè dì mọ́.

Ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní àárẹ̀. Mo fa ìlú náà sí ilẹ̀ iwájú ilé mi, mo fi èkùrọ́ ṣe Ení, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe Èjì, mo fi owó ẹyọ mẹ́fà-mẹ́fà ṣe Ẹ̀fà, mo fi mẹ́jọ-mẹ́jọ ṣe Ẹ̀jọ. Mo tò ó, ó bàjẹ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un tò, ó tún bàjẹ́. Àwọn tí ń kọjá lọ sódò a máa kí mi pé, "Ọdẹ, ẹ kú oko o," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n pàápàá gbọ́. Wọ́n wá jẹ oko mi ní ọ̀sán gangan. N kò lè gbé ìbọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjìji kan bọ́ sórí ìlú mi. Àwẹ̀ró ni, pẹ̀lú igbá amọ̀ lórí. Ara rẹ̀ ti padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ẹ kú ìjókòó. Ìyá mi ti sọ ohun tí ẹ fi rà mí fún mi. Ṣé ìlú náà nìyí?"

Mo ṣàlàyé fún un, ìbú, òòró, agbolé, òkété. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó lóṣòó, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀jọ tí ó wà níbí yìí, kí ló gbé e síbẹ̀?"

Mo mú èkùrọ́ kan, mo ń nù ún.

"Ihò wo lẹ dí kí ẹ tó gbé e síbẹ̀?"

"N kò dí ihò."

"Ṣé torí pé Ẹ̀fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọdẹ tí ẹfọ̀n ń sá fún! Ó dá mi lójú pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tò, ibẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń gbé mi sí. Ẹ kò sì bi mí."

"Àwẹ̀ró, ibẹ̀ ni ọkàn mi..."

"Ẹ yọ mí níbẹ̀."

"Kí n yọ ọ́?"

"Ẹ yọ mí. Bí ìdí ìkòkò bá wọ́, a kì í jókòó tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Amọ̀ ni à á pò ó padà sí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti fa ọfà yọ lára itan ara mi rí, n kò ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó owó ẹyọ mẹ́jọ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà, mo ké. Mo ní èsì mi nìyí. Mẹ́ta ni, ó kàn fi ẹnu ta mí nù ni. Síbẹ̀, mo bá a tò ó, nítorí bí n kò bá rí obìnrin fẹ́, ó yẹ kí n rí oorun sùn. A pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ń bèèrè, mo ń dáhùn. Bí mo bá fẹ́ sáré, yóò na ìka alámọ̀ sí mi lójú. Amọ̀ inú igbá rẹ̀ gbẹ, kò wò ó. Arúgbó Ẹ̀jọ rí ilé sí ibi tí mo ti máa ń fi arẹwà sí tẹ́lẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó sì bá ibẹ̀ mu bí ìdérí. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ó ku ojúlé kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìlú.

Ó ní, "Ìbú ńkọ́?"

"Ó ti kún."

"Òòró?"

"Ó ti kún."

"Nínú agbolé?"

"Ojúlé kan ló kù." Mo wò ó dáadáa. Ẹni tí ó wà ní ojúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ẹ̀fà.

"Ta ló wá kù níta?"

Mo na ọwọ́ sí owó ẹyọ mẹ́jọ tó wà nílẹ̀. Ó tú ṣóńṣó ìró rẹ̀, ó yọ owó ẹyọ mẹ́jọ jáde, kì í ṣe èyí tí mo fi ń ṣeré nílẹ̀ o, tirẹ̀ ni, ó ti fi òwú so wọ́n pọ̀ ní ojúkojú. Ó gbé e sí ojúlé náà.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo àkókò tí n kò fi sùn, ihò ni mo ń dí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ, mo dí i. Oníṣòwò eyín erin, mo dí i. Ilé ìyá mi, mo wò ó títí, mo dí òun náà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà mí wá, Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ. Kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nìyẹn. Mo la ẹnu kí n dáhùn. Ní ọ̀nà jíjìn, láti inú Igbó Kò-sí-méjì, a gbọ́ tí ẹnìkan hanrun tí ilẹ̀ fi mì. Oorun mi sì dé. Kò kan ilẹ̀kùn. Mo ṣubú lé ìlú náà lórí, ẹnu mi là sílẹ̀. Wọ́n ní Àwẹ̀ró jókòó tì mí, ó ń lé eṣinṣin, títí mo fi jí. Ìdáhùn tí mo fẹ́ fún un nígbà náà, n kò tíì rí àyè fún un títí di òní, ọmọ ni, oko ni, ikọ́ ni.

Oorun náà padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti lò ó. Ó ń rùn bí igbó. Bí mo bá sùn, ìbú àti òòró ni mo ń rí, n óò sì jí bí ẹni tí ó ru ìlú kan. Ohun tí ó rẹ̀ mí nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ gbọ́, Àwẹ̀ró ń pè mí láti inú ilé báyìí, ó ní ẹní ti wà nílẹ̀. Ẹ bá mi gbé àpótí náà wọlé. Ibi tí oorun bá ká ìtàn mọ́, ibẹ̀ ni à á ti da aṣọ bò ó. Èmi kò ní ibòmíràn tí mo lè lọ.